Awò ìbọn mi kọ̀ kò jókòó: mo ti yí nọ́ọ̀bù òkè dé òpin, ọta ṣì ń lọ sísàlẹ̀

ỌmọỌdẹ_Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọdẹ. Ọ̀rọ̀ kan ti sú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ìbọn Remington 700 kan, .308 (bí ọta rẹ̀ ṣe nípọn tó ní íǹṣì), ni mo rà ní àlòkù níbí ní Texas. Ẹni tó tà á fún mi ló bá mi wá bẹ́ẹ̀sì (irin tí a ń dè mọ́ orí ìbọn) àti òrùka (èyí tó ń di awò mú lórí bẹ́ẹ̀sì), òun náà ló sì de awò tuntun tí mo rà (3-9x40) mọ́ ọn lórí. Mo gbé e lọ sí pápá ìyìnbọn ní Sátidé. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta ní 100 yáàdì, n kò rí ihò kankan lára bébà. Bàbá òyìnbó kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló fi awò tirẹ̀ wò ó tó ní eruku ń sọ ní ìsàlẹ̀ pátákó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí nọ́ọ̀bù òkè síbi tí wọ́n kọ UP sí, mo yí i, mo yí i, títí tó fi kọ̀ tí kò yí mọ́. Níbẹ̀ náà, ọta ṣì ń bà sí íǹṣì 10 nísàlẹ̀ ojú àmì, íǹṣì 3 sápá ọ̀tún.

Èyí tó wá dẹ́rù bà mí ni pé kò dúró sójú kan. Ọta kan náà, páálí kan náà: èyí á bà síbí, òmíràn á fò lọ síbi tó jìnnà sí i tó íǹṣì 5. Mo yí nọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ní kílíìkì 8 sápá òsì, kò sún rárá. Mo tún yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ṣàdédé fò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Lọ́dún tó kọjá, ìbọn mìíràn ni mo lò, n kò sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí n tó wọgbó. Ìfun ni mo yìn àgbọ̀nrín náà sí dípò ẹ̀yìn apá. A tọ ẹ̀jẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, a fi iná tọ́ọ̀ṣì tọ̀ ọ́, a ò rí i. Lọ́jọ́ kẹta ni onílẹ̀ pè mí pé òun rí i lẹ́bàá odò, ó ti kú, igún ti dé orí rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé n kò ní í gbé ìbọn tí n kò gbẹ́kẹ̀ lé wọgbó mọ́. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń ṣí àkókò àgbọ̀nrín níbí, ó ku ọ̀sẹ̀ 3. Ṣé kí n dá awò náà padà fún ẹni tó tà á ni?

Kúnlé_Dallas

Dá a padà, arákùnrin. Irú rẹ̀ ṣe mí rí. Mo ra èyí tí owó rẹ̀ tó ìlọ́po méjì, ọ̀rọ̀ sì parí. Awò tó bá ń fò báyìí, inú rẹ̀ ti bàjẹ́.

Alàgbà_Irin

Ọmọ mi, má tíì dá nǹkan kan padà. Iṣẹ́ irin ni mo ṣe fún ọdún 31 ní Atlanta kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn tún irú èyí ṣe lórí tábìlì ilé mi. Nínú mẹ́wàá tí wọ́n bá gbé wá pé awò ti bàjẹ́, èyí tó jẹ́ ti awò gan-an kì í pọ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí inú awò ṣe rí, ohun tí o ń rí á yé ọ. Páìpù kékeré kan wà nínú páìpù ńlá tí ò ń wò yẹn, òun ló gbé àgbélébùú (ìlà méjì tí a fi ń wo ojú àmì) dání. Nọ́ọ̀bù òkè ń tì í láti òkè, nọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ń tì í láti ẹ̀gbẹ́, sípíríǹgì kan sì wà lódìkejì tó ń tì í padà kó má baà mì. Bí o bá yí nọ́ọ̀bù sí UP títí dé òpin, ńṣe ni sípíríǹgì yẹn á nà tán, agbára rẹ̀ á rọ̀. Páìpù kékeré náà á sì ti fara kan ògiri ti ńlá. O wá yí nọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́, kò rí ààyè sún, ó dúró. Ìbọn bú, gbogbo rẹ̀ gbọ̀n, ó ṣàdédé já lọ síbi tó ti yẹ kó wà tẹ́lẹ̀. Ìyẹn lo rí. Fífò tí ó ń fò lè jẹ́ ọmọ tí àìtó ọ̀nà bí, kó má jẹ́ àrùn mìíràn.

Ìbéèrè tó ṣáájú ni èyí: kí ló dé tí nọ́ọ̀bù fi dé òpin? Ibi tí wọ́n gbé awò lé ni mo ń fura sí.

Ṣe báyìí fún mi. Yọ gbogbo ọta kúrò nínú ìbọn, fa bóòtì (irin tó ń ti ọta wọlé) yọ, gbé e sọ́tọ̀, kí o sì fojú ara rẹ wo inú ọ̀pá ìbọn pé ó ṣófo. Lẹ́yìn náà, yí nọ́ọ̀bù òkè láti òpin kan dé òpin kejì, rọra, kí o máa ka kílíìkì. Pín in sí méjì, dá a padà sí ìdajì. Ṣe bákan náà fún ti ẹ̀gbẹ́. Awò ti wà ní àárín ara rẹ̀ nìyẹn. Gbé bébà ńlá lọ sí 25 yáàdì, kí o yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta láìfọwọ́ kan nọ́ọ̀bù. Wọn ibi tó bà, kí o wá sọ fún wa.

Adérónkẹ́_PA

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, bàbá. Mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un nítorí fífò yẹn, kó má lọ jẹ́ pé nǹkan méjì ló ń ṣe é pọ̀.

Ọmọ ìyá mi, ṣé o ń jẹ́ kí ọ̀pá ìbọn tutù? Ọ̀pá ìbọn ìgbẹ́ tín-ín-rín ni, kì í ṣe ti ológun. Bí o bá yìn ín 10 léra wọn, irin á gbóná, á sì máa tẹ̀ síbi tó bá wù ú. Mẹ́ta ni mo máa ń yìn, màá ṣí bóòtì sílẹ̀, màá mu omi, màá dúró títí ọwọ́ mi á fi lè dúró lára irin náà láìta mí. Níbí ní Pennsylvania tí òtútù wà, ó tún yá. Ní Texas tìrẹ, wàá ní sùúrù.

Èkejì, mú owó dọ́là kan, fi sáàárín igi ìbọn àti ọ̀pá rẹ̀, láti iwájú, kí o fà á sẹ́yìn. Bí ìbọn tìrẹ bá jẹ́ irú tí ọ̀pá rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan igi, ó yẹ kó lọ fàlàlà. Bí ó bá há níbì kan, igi ń ti ọ̀pá nìyẹn. Yẹ súkúrù méjì tó so igi mọ́ irin nísàlẹ̀ wò pẹ̀lú. Tèmi tú lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo sì ti ń bú awò láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán kí n tó mọ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ọta ṣe wúwo tó (grain ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n). Má fi 150 grain àti 180 grain pọ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ .308 méjèèjì, ibi tí wọ́n máa bà yàtọ̀.

Ìṣọ̀lá_Kent

Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń kọ̀wé. .243 ni mo ń lò. Níbí, bí ẹ bá ń dọdẹ àgbọ̀nrín ńlá, òfin England ní ihò ọ̀pá ìbọn kò gbọ́dọ̀ kéré ju íǹṣì .240 lọ. Ohun tó jọ ti ẹ̀gbọ́n yìí ṣẹlẹ̀ sí mi, ṣùgbọ́n ohun tó fà á yàtọ̀: ohun tí a ń dè mọ́ ẹnu ìbọn kí ariwo rẹ̀ lè dín kù ni. Mo ṣe síró ìbọn (mo tún awò tò kí ọta lè máa bà síbi tí mo ń wò) nígbà tó wà lẹ́nu rẹ̀, mo wá yọ ọ́ kí n lè nu ìbọn, mo gbàgbé láti dá a padà. Ibi tí ọta ń bà yí padà pátápátá. Ẹ̀gbọ́n, bí irú rẹ̀ bá wà lẹ́nu tiyín, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, tàbí kó má sí níbẹ̀ rárá.

Ọ̀nà mìíràn tún wà láti mọ àárín awò bí kílíìkì bá ṣòro láti kà. Ẹ gbé ojú iwájú awò lé dígí ìwojú pẹrẹsẹ, ẹ dín ìsúnmọ́ rẹ̀ kù pátápátá, ẹ wò ó látẹ̀yìn. Ẹ ó rí àgbélébùú méjì, ọ̀kan jẹ́ òjìji èkejì. Ẹ máa yí nọ́ọ̀bù títí wọn á fi gun ara wọn di ọ̀kan.

ỌmọỌdẹ_Houston

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ lónìí.

Nọ́ọ̀bù òkè: kílíìkì 240 láti òpin dé òpin. Mo dá a padà sí 120. Ti ẹ̀gbẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, mo dá òun náà sí àárín. Dọ́là lọ fàlàlà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn. Súkúrù ìsàlẹ̀ méjèèjì le dáadáa. Kò sí nǹkan kan lẹ́nu ìbọn. Páálí kan ṣoṣo ni mo lò, 150 grain.

Ní 25 yáàdì, ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ara wọn, mo lè fi owó wẹ́wẹ́ kan bò wọ́n! Ṣùgbọ́n íǹṣì 11 nísàlẹ̀ ojú àmì ni wọ́n wà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà yà sápá kankan.

Alàgbà_Irin

O rí i bí? Nígbà tí a gbé awò kúrò ní òpin ọ̀nà rẹ̀, fífò dáwọ́ dúró. Awò rẹ kò bàjẹ́. Ìbọn rẹ náà dára, ihò mẹ́ta tó wọ ara wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ ká ṣírò. Àárín awò fi nǹkan bí íǹṣì 1.5 ga ju àárín ọ̀pá ìbọn lọ. Yọ ìyẹn kúrò nínú 11, ó ku 9.5. Ní 25 yáàdì nìyẹn. Ní 100 yáàdì, á di ìlọ́po mẹ́rin: íǹṣì 38. Kílíìkì 120 tí o ní lókè kò lè gbé ọ ju nǹkan bí íǹṣì 31 lọ, ọta fúnra rẹ̀ á sì ti wálẹ̀ díẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ku íǹṣì 10 fún ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìṣirò yìí bá ara rẹ̀ mu délẹ̀délẹ̀.

Wàyí o, láti òrùka iwájú dé òrùka ẹ̀yìn, jẹ́ ká pè é ní íǹṣì 4.5. 100 yáàdì jẹ́ íǹṣì 3,600. Fi 4.5 pín in: 800. Ohunkóhun tó bá yẹ̀ lábẹ́ òrùka ẹ̀yìn á di ìlọ́po 800 kó tó dé bébà. Ìdajì mìlímítà péré, tí ojú ò lè rí, á di íǹṣì 15 ó lé. Tìrẹ jẹ́ íǹṣì 38, nítorí náà nǹkan bí mìlímítà 1.2 ni mo ń wá. Ẹ̀yìn awò rẹ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tàbí kí iwájú rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀.

Lórí Remington 700, orí irin lẹ́yìn lọ sílẹ̀ ju ti iwájú lọ. Nítorí náà bẹ́ẹ̀sì ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ nípọn ju ti iwájú kí òkè wọn tó lè dọ́gba. Bí ẹnì kan bá fi bẹ́ẹ̀sì ìbọn mìíràn síbẹ̀, tí ihò súkúrù rẹ̀ sì bá a mu, á jókòó wẹ́kú bí ẹni pé ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Tú awò kúrò. Gbé rúlà irin lé orí bẹ́ẹ̀sì méjèèjì, fi iná sí ẹ̀yìn rẹ̀, wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan. Kí o sì yọ súkúrù wọn, kí o wo ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ỌdẹÌsẹ́yìn

Mo kí gbogbo yín láti ilé. Ṣakabùlà bàbá mi ni mo fi kọ́ iṣẹ́ ọdẹ, kò ní awò, ojú àti ọwọ́ ni. Ẹran tí kò bá tíì sún mọ́ ọ tó ìwọ̀n tí o fi lè rí ìpéǹpéjú rẹ̀, o kì í yìn ín. Mo ń ka gbogbo èyí bí ẹni ń ka ìtàn, ó sì dùn mọ́ mi. Kí ni kílíìkì yìí gan-an? Ṣé ohùn rẹ̀ ni ẹ̀ ń kà?

Adérónkẹ́_PA

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ni, ọwọ́ sì máa ń gbọ́ ọ pẹ̀lú, tẹ́ẹ́, tẹ́ẹ́, bí aago tí à ń wáyà. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ mú òbìríkítí, ẹ pín in sí 360, ẹ tún pín ọ̀kan nínú rẹ̀ sí 60. Èyí tó kéré yẹn ni wọ́n ń pè ní MOA, ní 100 yáàdì ó fi díẹ̀ lé ní íǹṣì kan. Lórí awò bíi ti arákùnrin yìí, kílíìkì kan jẹ́ ìdámẹ́rin rẹ̀. Nítorí náà kílíìkì 4 ń gbé ọta ní nǹkan bí íǹṣì kan ní 100 yáàdì. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: ní 25 yáàdì, kílíìkì 16 ló tó íǹṣì kan. Ẹlòmíràn á yí 4, kò ní í rí ìyàtọ̀, á ní awò ò ṣiṣẹ́.

Bí bàbá yín ṣe ń dúró dìgbà tí ẹran bá sún mọ́ yẹn, mo fẹ́ kí àwa tó ní awò náà máa ṣe é. Awò kì í ṣe ìwé àṣẹ láti yìn láti ibi tó jìnnà.

ỌmọỌdẹ_Houston

Bàbá, ẹ káre! Ẹ̀rù ba èmi gan-an nígbà tí mo rí i.

Mo gbé rúlà lé e, ìmọ́lẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́yìn bí ẹni ṣí fèrèsé. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀sì iwájú bá ìwé Remington 700 mu. Nọ́ńbà ti ẹ̀yìn kò sí lórí ìlà náà rárá, ti ìbọn mìíràn ni. Mo ra èyí tó tọ́ lánàá, owó rẹ̀ kò tó ti páálí ọta kan. Mo fi kálípà wọn méjèèjì: ìyàtọ̀ wọn jẹ́ mìlímítà 1.2.

Ohun mìíràn tún wà. Mo yọ súkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀ sórí aṣọ funfun. Dúdú ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n súkúrù tó wà níwájú pátápátá, ìdí rẹ̀ ń dán bí fàdákà, ó sì ti pẹlẹbẹ lápá kan. Ó gùn ju àwọn yòókù lọ díẹ̀. Nígbà tí mo wo inú ihò rẹ̀, mo rí ojú ibi tó ti ń họ irin lára nínú.

Kúnlé_Dallas

Ọ̀gbẹ́ni, mo gbà pé mo yára dá awò lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, ṣé kò lè gé agolo mínírà kó fi tẹ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀sì náà ni, kó sì fi gúlúù tó ń mú súkúrù le sí gbogbo wọn? Mo ti rí àwọn tó ń ṣe é.

Alàgbà_Irin

Kúnlé, ó dáa tí o sọ ọ́, torí àwọn mìíràn á rò ó láìsọ. Ara agolo mínírà nípọn tó nǹkan bí ìdámẹ́wàá mìlímítà. Ẹyọ kan tàbí méjì kò burú fún àtúnṣe kékeré. Fún 1.2, á nílò ẹyọ 12 tó gun ara wọn, ìyẹn ti di ìrọ̀rí, kì í ṣe ìpìlẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀sì tó tọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó lò ó.

Ọmọ mi, súkúrù tó ń dán yẹn ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀sì náà. Ihò iwájú pátápátá lórí ìbọn rẹ ṣí sórí ìdí ọ̀pá ìbọn. Bí súkúrù bá gùn jù, á kọ́kọ́ fi ìdí lé ọ̀pá kó tó mú bẹ́ẹ̀sì mọ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ á sọ fún ọ pé ó ti le, nígbà tí bẹ́ẹ̀sì ṣì ń mì lábẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n irun orí. Èyí tó tẹ̀ lé e náà, bí ó bá gùn jù, bóòtì á máa há tí o bá ń ti ọta wọlé. Wá súkúrù tó ṣe wẹ́kú. Lẹ́yìn tí o bá dè é, fi ọwọ́ ti bóòtì lọ, fà á bọ̀, kí o rí i pé kò há.

Fi sípíríìtì nu ihò àti súkúrù kí epo kúrò lára wọn pátápátá. Gúlúù aláwọ̀ búlúù, ẹ̀kán kan, fún súkúrù bẹ́ẹ̀sì nìkan. Má fi sára súkúrù òrùka. Sípánà tó ń wọn agbára ni kí o lò, ìwé tó bá òrùka rẹ wá ni kí o sì tẹ̀ lé. Orí òrùka kì í sábà ju 15 sí 20 inch-pound lọ. Ẹni tó bá fi agbára apá dè é, á tẹ páìpù awò, páìpù kékeré inú rẹ̀ kò sì ní í rí ọ̀nà rìn. De súkúrù òrùka níkọ̀ọ̀kan, láti igun dé igun, díẹ̀díẹ̀, kí àlàfo apá ọ̀tún àti ti òsì dọ́gba. Fi àyè tó íǹṣì 3 ó lé sílẹ̀ láàárín ojú rẹ àti awò, kó má baà là ọ́ níwájú orí.

ỌmọỌdẹ_Houston

Mo ti pápá dé báyìí.

Bẹ́ẹ̀sì tuntun, súkúrù tuntun, rúlà jókòó pẹrẹsẹ, ìmọ́lẹ̀ kankan ò kọjá. Mo dá awò sí àárín, mo yọ bóòtì, mo kọ́kọ́ wo inú ọ̀pá ìbọn sí ojú àmì ní 25 yáàdì. Àgbélébùú náà wà lórí àmì kan náà, ó ku díẹ̀! Ọta àkọ́kọ́ bà ní íǹṣì 1.5 nísàlẹ̀, bí bàbá ṣe sọ pé awò ga tó.

Mo lọ sí 100 yáàdì. Mo gbé e sókè ní kílíìkì 24, mo gbé e sósì ní 3. Ihò mẹ́ta, íǹṣì 2 lókè ojú àmì gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fẹ́, kó lè bà á tààrà ní 200, gbogbo wọn kò fẹ̀ ju íǹṣì 1.5 lọ. Mo dúró kí irin tutù, mo mu omi bí Àǹtí Adérónkẹ́ ṣe ní kí n ṣe. Lẹ́yìn náà mo dán awò wò láti mọ̀ bóyá ó ń rìn lóòótọ́: kílíìkì 20 sọ́tùn-ún, mo yìn; 20 sókè, mo yìn; 20 sósì, mo yìn; 20 sísàlẹ̀, mo yìn. Igun mẹ́rin jáde lórí bébà, ọta tó kẹ́yìn sì padà wọ inú agbo ihò àkọ́kọ́.

Adérónkẹ́_PA

Inú mi dùn débi pé mo pariwo níbi tí mo jókòó sí. Ó ku ẹyọ kan: lọ́la, ní òwúrọ̀ kùtù, kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, yìn ín ní ẹyọ kan ṣoṣo láti inú irin tútù. Nínú igbó, ọta irin tútù yẹn ni àgbọ̀nrín máa gbà.

ỌmọỌdẹ_Houston

Aago 7 òwúrọ̀, ìrì ṣì wà lórí tábìlì. Ẹyọ kan. Íǹṣì 2 lókè, ó fi ìwọ̀n èékánná kan yà sọ́tùn-ún.

Mo ti ra páálí mẹ́ta sí i nínú ọta kan náà. Mo sì ti pe onílẹ̀ pé mò ń bọ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́.